Ọjọ́ Ìsinmi tí Mo Jókòó sí Abẹ́ Igi Ọ̀gànwó

Ẹ̀yin tí ẹ yí mi ká yìí, ẹ fi etí sílẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kí ó rẹ́rìn-ín ní ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí, nítorí pé bí a bá dé ìdajì rẹ̀, ẹ̀rín yóò ti tán lẹ́nu wa. Ẹni tí ó bá sì mọ̀ pé òun kò lè dúró dé òpin, kí ó dìde nísinsìnyí, kí ó máa lọ ní àlàáfíà. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ mi kí ó sì lọ máa yìn mí káàkiri ìlú.

Orúkọ mi ni Hesekáyà Ọdẹ́jìnmí, ọmọ bíbí ìlú Ìlóyìn. Ọdẹ ni baba mi, ọdẹ ni baba tí ó bí i. Èmi ni mo pa ẹfọ̀n mẹ́ta ní òwúrọ̀ kan ṣoṣo ní etí odò Òwérè. Èmi ni mo pàdé ẹkùn lójú ọ̀nà tóóró kan, tí n kò yà fún un, tí ó sì jẹ́ pé ẹkùn ni ó yà wọ inú koríko tí ó fi ọ̀nà sílẹ̀ fún mi. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé iṣẹ́ ọdẹ ni mo fi ń yangàn jù lọ ní ìgbà náà. Ohun tí mo fi ń yangàn ni pé nínú gbogbo ìjọ wa, kò sí ẹni tí ó mọ òfin tó mi, kò sì sí ẹni tí ó pa á mọ́ tó mi. Fún ọdún méjìlélógún, n kò pa ìsìn kan jẹ. N kò fi ẹnu kan ẹmu rí. Àwọn ọdẹ ẹlẹgbẹ́ mi a máa so oògùn mọ́ apá àti mọ́ ìdí kí wọ́n tó wọ igbó; èmi, ìbọn mi àti àdúrà mi ni mo ń gbé wọ ibẹ̀. Bí Lẹ́ńtì bá dé, ogójì ọjọ́ gbáko ni mo fi ń gbààwẹ̀, mo sì máa ń rí i dájú pé àwọn aládùúgbò mi mọ̀ pé mo ń gbà á. Ní ọjọ́ Ìsinmi, n kì í rìn kọjá ilé sí ṣọ́ọ̀ṣì. N kì í fọwọ́ kan ìbọn. N kì í tilẹ̀ nù ún. Wọ́n fi mí ṣe olórí kíláàsì, káàdì gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ sì wà lọ́wọ́ mi. Ẹni tí ó bá pẹ́ dé, tàdáwà pupa ni mo fi ń sàmì sí orúkọ rẹ̀. Bí mo bá dúró ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ọmọdé a dákẹ́, àwọn obìnrin a tún gèlè wọn dè. Mo rò pé Ọlọ́run ni wọ́n ń bẹ̀rù. Èmi ni wọ́n ń bẹ̀rù.

Àwa méjì péré ni ìyá wa Lídíà bí. Èkejì mi ni Sílà, àbúrò mi, tí mo fi ọdún mẹ́fà jù. Òun náà jẹ́ ọdẹ, ó sì jẹ́ ọmọ ìjọ, ṣùgbọ́n a kò jọ ara wa ní ohunkóhun mìíràn. Sílà a máa pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì nítorí pé ó ti dúró kí ẹni mẹ́wàá lójú ọ̀nà. Bí ó bá ń kọrin, ohùn rẹ̀ a máa ṣáko lọ bí ewúrẹ́ tí kò ní olùṣọ́, kò sì bìkítà. Ó mọ orúkọ gbogbo ọmọ kéékèèké tí ó wà ní àdúgbò. Ìbọn rẹ̀ kì í sì í tàsé. Ibi tí èmi bá ti yin ìbọn méjì, ẹyọ kan ni òun ń yìn níbẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi sẹ́ ẹ fún ara mi: mo ń jowú àbúrò mi. Mo ń jowú ìbọn rẹ̀, mo ń jowú ẹ̀rín rẹ̀, mo sì ń jowú bí ojú ìyá wa ṣe máa ń mọ́lẹ̀ bí ó bá gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Kò sí òfin kankan tí ó ka owú mọ́ ohun tí a ń fi tàdáwà pupa sàmì sí, nítorí náà n kò kà á sí.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, Sílà wọ aṣọ funfun rẹ̀, ó ń lọ sí ìsìn. Bí ó ti dé ẹ̀gbẹ́ oko opó kan tí ń jẹ́ Àbígẹ́lì, ó gbọ́ tí obìnrin náà ń ké. Agbo túùkù ti wọ inú oko iṣu rẹ̀, wọ́n ń hú u. Oko náà nìkan ni ó ní, ọmọ mẹ́rin ni ó sì ń bọ́. Sílà padà sí ilé, ó gbé ìbọn, ó pa méjì nínú àwọn túùkù náà, àwọn ìyókù sì fọ́n ká. Ó fi ẹran méjèèjì sílẹ̀ fún opó náà, ó sì wá sí ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ. Mo rí i láti ẹnu ọ̀nà. Inú mi dùn. Mo tún un wí fún yín kí ẹ má baà rò pé ẹ ṣì mí gbọ́: inú mi dùn. Ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni mo dìde níwájú àwọn àgbà ìjọ, mo ka òfin fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo sì ní kò yẹ kí ẹni tí ó ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní ọjọ́ Olúwa jókòó nídìí tábìlì Olúwa. Wọ́n ní kí Sílà kúnlẹ̀ níwájú ìjọ, kí ó sọ pé òun kábàámọ̀. Sílà kò bínú. Èmi ni ó yíjú sí.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, bí mo bá sọ pé mo kábàámọ̀, irọ́ ni mo pa. Ṣé irọ́ ni ẹ fẹ́ kí n fi wọ ilé Ọlọ́run padà?"

Mo fa ìlà pupa sí orúkọ rẹ̀. Láàárín oṣù kan ó gbé ìbọn rẹ̀, ó la odò Òwérè kọjá, ó sì lọ ń gbé nínú Igbó Agánrán, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í gbé. Ọdún mẹ́rin ni ó lò níbẹ̀. Bí ìkórè bá ti dé, ìyá wa a bi mí bóyá n kò ní í lọ mú àbúrò mi wá sílé. Èmi a dáhùn pé ìgbà tí ó bá ronú pìwà dà, òun fúnra rẹ̀ yóò mọ ọ̀nà.

Ní ọdún kẹrin ni àìsàn dá ìyá wa dùbúlẹ̀. Ní ọjọ́rú kan, ó yí orí rẹ̀ kúrò níbi oúnjẹ, ó ní òun kò tún ní í fi ẹnu kan nǹkan kan bí kò ṣe omi, àfi bí ojú òun bá rí Sílà. Nọ́ọ̀sì tí ó ń tọ́jú rẹ̀ pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní bí ó ti rẹ̀ ẹ́ tó yìí, ọ̀sẹ̀ kan ni òun rò pé ó kù fún un. Báyìí ni ó ṣe di ọ̀ranyàn pé kí n rí àbúrò mi láàárín ọjọ́ méje, kí n sì mú un dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ìyá wa ní ààyè. Ní ọjọ́bọ̀ tí ó tẹ̀ lé e, mo gbé ìbọn kọ́ èjìká.

N kò ní í fi ìrìn ẹsẹ̀ dá yín lágara. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni mo la Òwérè kọjá, kò sì pẹ́ tí mo fi rí i pé àwọn ẹyẹ ti dákẹ́. Ọdẹ tí ó bá gbọ́n a máa padà bí ẹyẹ bá dákẹ́. Èmi kò padà, nítorí pé mo mọ ẹni tí mo jẹ́. Láìpẹ́ ni ohun kan dìde láàárín àwọn igi, mo sì rò pé òkè kékeré kan ni ó ń rìn. Àwọn baba wa ti dárúkọ ẹranko náà fún wa: Ajọkàn ni wọ́n ń pè é, ọkàn ọdẹ ni oúnjẹ rẹ̀. Ó ga tó ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, irun ara rẹ̀ dà bí imọ̀ ọ̀pẹ gbígbẹ, kò ní ojú rárá, imú mẹ́ta ni ó tò sí ibi tí ojú ìbá wà. Imú kìíní ni ó fi ń gbóòórùn ara, èkejì ni ó fi ń gbóòórùn ẹ̀rù, ẹ̀kẹta, tí ó tóbi jù, ni ó fi ń gbóòórùn ọkàn. Mo yin ìbọn lù ú. Ọta náà já bọ́ sílẹ̀ bí èso. Kí n tó tún ìbọn kì, ó ti fi ẹsẹ̀ kan tẹ̀ mí mọ́lẹ̀, ó sì gbé imú kẹta lé mi ní àyà. Ó fà á símú títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ó gbé orí sókè, ó tún gbé e padà, ó yí mi dojú dé, ó gbóòórùn ẹ̀yìn mi. Nígbà tí ó yá, ó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì jinlẹ̀ bí ìgbà tí a yí òkúta nínú kànga.

Ó ní, "Ọdẹ, ta ni ó ti jẹ ọ́ ṣáájú mi?"

Mo ní kò sí ẹni tí ó jẹ mí rí.

Ó ní, "Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, níbo ni o gbé e pamọ́ sí?"

Mo ní n kò mọ ohun tí ó ń wí. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lára mi, ó mi orí bí ẹni tí ó dé ọjà tí ọjà ti tú, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Mo dìde, mo gbọn ewé kúrò lára, mo sì kọ orin ìyìn kan dé ìparí. Mo dá ara mi lójú pé ìwà mímọ́ mi ni ó dí i lẹ́nu. Ẹ̀yin ń wo ara yín. Ẹ ti mọ ohun tí ẹranko náà sọ. Èmi tí ó sọ ọ́ fún kò mọ̀. Bí mo ti ń lọ, mo tilẹ̀ ń to ẹ̀rí tí n óò jẹ́ nípa rẹ̀ níwájú ìjọ ní ọjọ́ ìdúpẹ́.

Ní ọjọ́ kejì mo dé ìlú kan tí n kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Odi rẹ̀ funfun, a gbá ojú pópó rẹ̀ débi pé ewé kan kò sí nílẹ̀. Aṣọ funfun tí a lọ̀ tí ó le bí pákó ni gbogbo ènìyàn ibẹ̀ wọ̀, ojú ìlà kan ni wọ́n sì ń tọ̀ bí wọ́n bá ń rìn. N kò rí ọmọdé kan, n kò rí ẹni tí ń rẹ́rìn-ín. Bí ẹni méjì bá pàdé, wọn kì í bọ ara wọn lọ́wọ́. Ìka ni olúkúlùkù fi ń kan àyà ara rẹ̀, àyà náà a sì dún bí akèrègbè tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Adènà ìlú náà jẹ́ ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó mú kùmọ̀ kékeré lọ́wọ́. Ó bi mí ní ìwọ̀n ìgbà tí mo ń gbàdúrà lójúmọ́, mo wí i. Ó bi mí nípa ààwẹ̀, nípa ẹmu, nípa ọjọ́ Ìsinmi, mo dá a lóhùn láìsí ìkọsẹ̀, ó sì ń mi orí bí olùkọ́ tí ó rí akẹ́kọ̀ọ́ dáadáa. Lẹ́yìn èyí ó ní òun yóò pa àlọ́ kan fún mi. Ó ní, ilé kan wà tí a ń fi ẹfun kùn lójoojúmọ́, ẹni tí ó bá sùn sínú rẹ̀ kì í jí. Ilé ta ni? Mo ronú díẹ̀, mo sì fi ìgboyà dáhùn pé ilé ẹni mímọ́ ni, nítorí pé ẹni mímọ́ ń sinmi. Mo gbọ́ tí ẹnì kan nínú yín ti sọ ìdáhùn náà lábẹ́ ètè. Bẹ́ẹ̀ ni, ibojì ni. Adènà náà kò ṣe àtúnṣe fún mi. Ó ní ó dára, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n gan-an ni àwọn ń fẹ́. Ó fi kùmọ̀ rẹ̀ kan àyà mi. Àyà mi dún. Ó dún ju ti gbogbo wọn lọ, ó sì ń dún lọ fún ìgbà pípẹ́. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Wọ́n mú mi lọ sí ilé funfun kan tí a ti kọ orúkọ mi sí ara ilẹ̀kùn rẹ̀, tàdáwà rẹ̀ sì ti gbẹ, bí ẹni pé ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Mo ní n kò wá láti gbé níbẹ̀, àbúrò mi ni mo ń wá. Adènà náà ní àwọn mọ̀ ọ́n. Ó ní ó dé ẹnu odi wọn ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, àwọn kan àyà rẹ̀, kò dún, ó kan ń ṣe kì, kì, bí abà tí àgbàdo kún. Àwọn sì lé e lọ. Ó ní lẹ́yìn òkè kejì ni ó ń gbé, ẹni tí ó bá sì ń rìn láìdúró yóò dé ibẹ̀ ní ìyálẹ̀ta ọjọ́ Ìsinmi. Mo ní kí ó fi ọ̀nà hàn mí. Ó ní òun yóò fi hàn mí, òun kò sì ní í gba ohunkóhun lọ́wọ́ mi ju ìbúra kan lọ.

Ó ní, "Búra pé bí o ti wọlé sí wa yìí ni ìwọ yóò ṣe jáde nínú igbó. Búra pé ìwọ kò ní í yí padà."

Ẹ wò ó, n kò rí ìdẹkùn kankan nínú rẹ̀. Kí ni ẹni rere fẹ́ yí padà sí? Mo gbé ọwọ́ sókè, mo búra pé n kò ní í rú ọ̀kan ṣoṣo nínú òfin tí mo ń pa mọ́. Wọ́n tún pàtẹ́wọ́, wọ́n sì fi ọ̀nà hàn mí.

Mo fi ọjọ́ Àbámẹ́ta rìn. Kí oòrùn tó wọ̀, mo ti dé ẹsẹ̀ òkè kejì, mo sì yan ibi tí n óò dúró sí lábẹ́ igi ọ̀gànwó ńlá kan, nítorí pé ọ̀la ni ọjọ́ Ìsinmi. Ìyá mi wà nílẹ̀ ní Ìlóyìn, kò jẹun láti ọjọ́ mẹ́rin, àbúrò mi kò sì jìnnà sí mi ju ìrìn wákàtí díẹ̀ lọ. Mo jókòó. Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo yọ ètù kúrò nínú ìbọn mi gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi, mo sì gbé e sí ìdí igi; nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo bẹ̀rẹ̀ ìsìn fún ara mi.

N kò tíì kọ orin kìíní tán tí mo fi gbọ́ ìbọn. Ó dún lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́ fún ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn lè fi ka ogún, ó tún dún, ó tún dákẹ́ bákan náà, ó sì dún lẹ́ẹ̀kẹta. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ọdẹ, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Kò sí ọdẹ kan ní gbogbo ilẹ̀ wa tí ń yìnbọn báyìí sí ẹran. Bí ọdẹ bá ṣubú, tàbí tí ẹranko fà á ya, ìbọn mẹ́ta tí àlàfo wọn dọ́gba ni ó fi ń ké sí ẹnikẹ́ni tí ó bá wà nítòsí. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀tá rẹ̀, yóò yin ẹyọ kan láti fi dá a lóhùn, yóò sì máa sáré bọ̀. A ti ń ṣe é kí a tó bí baba baba mi. Èmi gbọ́ ọ. Mo sì mọ ìbọn náà, nítorí pé ojú mi ni baba wa ṣe fi lé Sílà lọ́wọ́.

Mo sọ fún ara mi pé Sílà tún ń dẹ̀gbẹ́ ní ọjọ́ Ìsinmi. Ìyẹn ni mo sọ. Etí mi mọ̀ pé irọ́ ni, ẹsẹ̀ mi mọ̀, ó tilẹ̀ fẹ́ dìde. Ṣùgbọ́n mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mo sì gbé ohùn orin sókè. Ní ọ̀sán, ìbọn mẹ́ta náà tún dún. Mo kọrin. Mo kọ gbogbo orin tí mo mọ̀, mo kọ ti Kérésìmesì, mo kọ ti Àjíǹde, mo kọ èyí tí a ń kọ níbi òkú, kí n má baà gbọ́ nǹkan mìíràn. Nígbà tí oòrùn yí sí ìwọ̀-oòrùn, ó tún dún. Ẹ̀ẹ̀kan ni ó dún. Mo dákẹ́, mo ka ogún, mo ka ogójì, mo kà á dé ọgọ́rùn-ún. Èkejì kò dún, nítorí pé ètù ọkùnrin náà ti tán. Ìbọn tèmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ètù kún ìwo mi dé ẹnu, n kò sì fọwọ́ kàn án. Òfin kan kò yẹ̀ lọ́wọ́ mi ní ọjọ́ náà.

Bí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé ti ń mọ́ ni mo gun òkè. Mo bá a nínú ọ̀fìn àtijọ́ kan tí àwọn tí kò sí mọ́ gbẹ́ de erin, tí koríko ti bò lójú. Òpó ṣóńṣó kan tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ti gún itan rẹ̀ wọlé, ó sì jáde ní ìhà kejì. Láti ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ó ti wà níbẹ̀. Àwọn eṣinṣin ti kún ibẹ̀. Mo fi okùn àjàrà sọ̀kalẹ̀ tọ̀ ọ́, ó sì la ojú.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìrìn."

Mo bu omi fún un láti inú akèrègbè mi, ó mu. Ó bi mí bóyá mo gbọ́ ìbọn òun. Mo ní mo gbọ́. Ó bi mí níbi tí mo wà. Mo ní mo wà nísàlẹ̀ òkè, lábẹ́ igi ọ̀gànwó. Ó ka ọjọ́ lórí ìka.

Ó ní, "Àná ni ọjọ́ Ìsinmi. Mo ti rò ó pé ẹ̀yin ni. Nígbà tí mo ké tí ẹnikẹ́ni kò dáhùn, mo ní, bí ó bá jẹ́ ọdẹ mìíràn ni, ìbá ti dáhùn. Ẹ̀gbọ́n mi ni ó wà níbẹ̀ yẹn."

Kò fi ìbínú wí i. Ó wí i bí ẹni tí ó mọ ìṣe àgbà ilé rẹ̀ tí kò sì retí nǹkan mìíràn. Èmi tí mo ti rí àwọn ohun abàmì tí ojú kò yẹ kí ó rí, èmi tí ẹkùn yà fún, mo jókòó sínú ọ̀fìn náà. Mo sọ fún un pé mo jowú rẹ̀. N kò mọ bí ó ṣe jáde. Mo ní nítorí aṣọ ẹlẹ́jẹ̀ kọ́ ni mo ṣe lé e, mo ní mo ti ń wá ọ̀nà láti ìgbà tí a wà lọ́mọdé. Sílà ní òun mọ̀. Ó ní àwọn túùkù náà kọ́ ni mo ń bá jà.

Mo gé òpó náà, mo fà á jáde, mo fi ẹ̀wù mi di ojú ọgbẹ́, mo sì gbé e kọ́ ẹ̀yìn. Mo rìn ní gbogbo ọjọ́ Ajé náà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ara rẹ̀ gbóná bí ààrò, ó sì ní kí n kọ orin fún òun kí ọ̀nà lè yá. N kò lè kọ ọ́. Kò sí orin kan tí n kò ti fi bo ohùn ìbọn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí mo bá la ẹnu, ìbọn ni mo ń gbọ́. Nítorí náà òun ni ó kọrin. Ó kọ ọ́ lẹ́bàá etí mi, ó ṣì í kọ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó sì ń bi mí láàárín orin bóyá ìyá wa ṣì ń jẹun dáadáa. Mo ní ó ń dúró dè é. Kí oòrùn tó kan àtàrí, orin náà dáwọ́ dúró ní àárín ẹsẹ̀ kẹta. Mo rìn síwájú díẹ̀ sí i kí n tó jẹ́ kí ó yé mi.

Ibi tí mo ti ń gbé òkú rẹ̀ lọ ni Ajọkàn tún ti dìde níwájú mi. Ní ọjọ́ náà, kò tilẹ̀ dúró kí n yìnbọn. Òórùn náà ti dé imú rẹ̀ láti òkèèrè, itọ́ sì ń kán lẹ́nu rẹ̀. Ìbọn mi wà lẹ́yìn òkè lọ́hùn-ún, níbi tí mo ti sọ ọ́ nù kí n lè gbé àbúrò mi. Mo ní kí ó jẹ́ kí n gbé e dé ọ̀dọ̀ ìyá wa, kí n sì padà wá fún un bí ó bá fẹ́. N kò ní í sá. Ó gbé imú kẹta lé mi láyà, ó nawọ́ èékánná, ó sì tún fà á sẹ́yìn.

Ó ní, "O ti rí i. Ṣùgbọ́n ó ti fọ́, ó sì korò. Èmi kì í jẹ èyí tí ó ti fọ́."

Ó yà fún mi. Mo ti sọ fún yín bí mo ṣe máa ń yangàn nípa ẹkùn. Nípa èyí n kò yangàn rí. N kò tún gba ọ̀nà ìlú funfun náà kọjá. Etí òkè ni mo tọ̀, n kò sì mọ ohun tí wọ́n fi ilé náà ṣe.

Ní ìyálẹ̀ta ọjọ́rú, mo wọ Ìlóyìn. Ìyá wa ṣì wà láàyè. Àwọn àgbà ìjọ ti pé sí iyàrá rẹ̀, Bàbá Títù, olórí wọn, sì dìde pàdé mi. Kí n tó sọ ohunkóhun ni ó ti ṣe ìtàn náà tán fún mi: ó ní gbogbo ìlú ni ó rí i pé mo wá àgùntàn tí ó nù lọ, ó ní bí mo bá tilẹ̀ bá a ní òkú, èrè mi wà lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Mo tẹ́ àbúrò mi sí orí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ìyá wa na ọwọ́, ó fi kan ojú rẹ̀, ó fi kan irun rẹ̀, ó sì fi sílẹ̀ níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Ó ní, "Hesekáyà, ṣé ó ti kú kí o tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni?"

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó kù kí n sọ, pé bẹ́ẹ̀ ni, kí gbogbo rẹ̀ sì parí síbẹ̀. Bàbá Títù tilẹ̀ ti ń mi orí fún mi. Mo kúnlẹ̀, mo sì sọ ọ́ bí ó ti rí: igi ọ̀gànwó, ìbọn mẹ́ta òwúrọ̀, ìbọn mẹ́ta ọ̀sán, ẹyọ kan ìrọ̀lẹ́, àti àwọn orin tí mo ń kọ. Mo sọ ti owú. Mo sọ pé inú mi dùn ní ọjọ́ tí mo rí ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ rẹ̀. Nígbà tí mo parí, Bàbá Títù ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó fi ọwọ́ lu àyà, ó ní kí n má ṣe dá ara mi lẹ́bi jù, nítorí pé ohunkóhun tí ó wù kí ó ṣẹlẹ̀, Ọlọ́run rí i pé mo pa ọjọ́ náà mọ́. N kò ní í sọ fún yín bí àyà rẹ̀ ṣe dún. Èmi kọ́ ni ó yẹ kí n sọ ọ́.

Ìyá wa ní kí wọ́n jọ̀wọ́, kí wọ́n jáde. Wọ́n jáde. Ó ku èmi, òun àti Sílà. Mo wà lórí eékún mi, mo ń retí ègún, mo sì ti múra láti ṣe àmín sí i. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ara mi kò ní ẹ̀wù, ẹ̀jẹ̀ àbúrò mi sì ti gbẹ sí mi lẹ́yìn.

Ó ní, "Nígbà wo ni o jẹun kẹ́yìn?"

Mo ní láti ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Abọ́ ẹ̀kọ kan wà lórí àpótí lẹ́bàá orí rẹ̀, tí ìyàwó mi gbé wá ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, tí òun kò sì fọwọ́ kàn gẹ́gẹ́ bí ti àwọn ọjọ́ yòókù. Ó fi ìka tì í sọ́dọ̀ mi díẹ̀díẹ̀, nítorí pé kò ní agbára láti gbé e.

Ó ní, "Gbà. Jẹ ẹ́."

Mo ní n kò lè jẹ ẹ́. Ó tún wí i. Mo gbé abọ́ náà dání níwájú òkú àbúrò mi, ojú ìyá mi wà lára mi, mo sì jẹ ẹ́ tán.